Àga Kẹta Kò Sí: Ẹ̀kọ́ Nípa Ojúkòkòrò Láti Inú Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Ìgbà Ogun

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1805, nígbà tí ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ń gbóná, àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan jáde ní ilé ìtajà kan ní òpópónà St James ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. James Gillray ni ó ya àwòrán náà. Hannah Humphrey, obìnrin oníṣòwò tí ó ni ilé ìtajà, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún títà. Ó ti lé ní igba ọdún báyìí, síbẹ̀ a kò tíì dẹ́kun títún un tẹ̀. Àwọn ènìyàn ń rà á, wọ́n ń fi í sínú férémù onídígí, wọ́n sì ń gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ àti ọ́fíìsì. Ẹni tí ó bá wò ó fìrí láti ẹnu ọ̀nà yóò rò pé ọkùnrin méjì tí ń jẹun alẹ́ ni wọ́n yà síbẹ̀. Òótọ́ ni, oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n ayé yìí gan-an ni oúnjẹ náà.

Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí àwòrán náà nítorí pé ó sọ ohun kan nípa ojúkòkòrò tí ìkìlọ̀ ojoojúmọ́ lórí olè jíjà kì í sábà sọ.

Ohun tí ó wà nínú àwòrán náà

Tábìlì kan ni ó wà láàárín. Púdìn ńlá kan wà lórí rẹ̀, èéfín ń rú lára rẹ̀. Púdìn yìí jẹ́ oúnjẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń jẹ nígbà ọdún Kérésìmesì. Wọn a po ìyẹ̀fun, ọ̀rá màlúù, ẹyin, ṣúgà àti èso àjàrà gbígbẹ pọ̀. Wọn a dì í sínú aṣọ, wọn a sì bọ̀ ọ́ nínú omi híhó, bí àwọn ìyá wa ṣe ń di ọ̀ọ̀lẹ̀ sínú ewé. Láyé ìgbà náà, roboto ni ó máa ń rí. Gillray wò ó pé bí oúnjẹ náà ti rí roboto ni ayé náà rí roboto. Ó ya ilẹ̀ àti òkun sí i lára, púdìn sì di gbogbo àgbáyé.

Ní apá òsì, William Pitt, olóòtú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni ó jókòó, ọkùnrin gíga, tínrín, tí ó wọ aṣọ ológun. Ẹnu mẹ́ta ni àmúga ọwọ́ rẹ̀ ní, ó dà bí ọ̀kọ̀ tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ máa ń fi sí ọwọ́ òrìṣà òkun wọn. Ó ti gún àmúga náà mọ́ Òkun Àtìláńtíìkì, ó sì ń fi ọ̀bẹ gé òkun náà lọ pẹ̀lú àwọn erékùṣù Karibéánì tí ó wà nínú rẹ̀. Ní apá ọ̀tún ni Napoleon wà, olú-ọba ilẹ̀ Faransé. Gillray yà á ní kúkúrú, ó sì dé fìlà ńlá tí ó ní ìyẹ́ gọ̀gọ̀rọ̀ lé e lórí. Ojú rẹ̀ ti ràn mọ́ oúnjẹ, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí àga kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o dáadáa. Idà ni ó ń lò bí ọ̀bẹ, ilẹ̀ Yúróòpù ni ó sì ń gé. Ìlú Hanover ni ó gún àmúga tirẹ̀ mọ́: ilẹ̀ kan ní Jámánì ni, ogún ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọmọ ogun Faransé ti gbà ní ọdún 1803.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ègé tí Pitt ń gé tóbi ju ti Napoleon lọ. Yóò rí i pẹ̀lú pé ẹyẹ idì kan wà lẹ́yìn àga Napoleon, tí ó fi èékánná mú fìlà pupa kan. Fìlà pupa yẹn ni àwọn ará Faransé fi ṣe àmì òmìnira nígbà tí wọ́n dìde sí ọba wọn lẹ́yìn ọdún 1789. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó ti di ohun ọ̀ṣọ́ lára àga ọba mìíràn.

Àga méjì péré ni ó wà nídìí tábìlì. Alásè kò sí níbẹ̀, ẹni tí ó gbin àlìkámà kò sí níbẹ̀, àwọn tí ń gbé lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń gé kò sì sí níbẹ̀.

Gillray kọ àkọlé sí i pé ayé yìí kéré jù láti tẹ́ irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Ó ní ìdí tí ó fi yan ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1805, Napoleon kọ lẹ́tà sí George Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì, láti bèèrè fún àlàáfíà, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé ayé tóbi tó fún orílẹ̀-èdè méjèèjì láti gbé inú rẹ̀. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn lẹ́tà náà tí àwòrán yìí fi dé ojú fèrèsé ilé ìtajà Humphrey.

Irú iṣẹ́ tí ó jẹ́

Orí àwo bàbà ni wọ́n ti ń fín irú àwòrán yìí. Wọn a fi ìda bo àwo bàbà pẹlẹbẹ, ayàwòrán a fi abẹ́rẹ́ fín in bí àwọn ọ̀ṣọ̀nà wa ṣe ń fín igbá, wọn a sì da omi olóró sí i tí yóò jẹ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọn a fi tàdáwà kún ojú fínfín náà, tí wọn a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Nítorí pé bébà ń yí òsì padà sí ọ̀tún, gbogbo lẹ́tà ni ó gbọ́dọ̀ kọ sẹ́yìn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kun ọ̀dà sí i lẹ́yìn títẹ̀. Ẹni tí kò lówó láti ra ọ̀kan a dúró níwájú fèrèsé. Èrò sì máa ń pọ̀ níbẹ̀ tí ìwé tuntun bá jáde.

Àwọn tí wọ́n sanwó oúnjẹ náà

Ogun yìí ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1793. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ìlú Amiens ní ọdún 1802, ṣùgbọ́n oṣù Karùn-ún ọdún 1803 kò tíì tán tí ìbọn fi tún dún. Napoleon gba adé olú-ọba ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1804. Pitt sì ti padà sí ipò olóòtú ìjọba ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà.

Ẹni tí ó jẹun kọ́ ni ó sanwó. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọdún 1798 sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ọmọ ogún ọdún títí dé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láti wọ iṣẹ́ ológun bí ìjọba bá pè wọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Pitt fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé owó orí lé owó tí ń wọlé fún ènìyàn, ní ọdún 1799, kí ó lè rí owó fi jagun. Ní ọdún 1800 àti 1801, búrẹ́dì wọ́n débi pé àwọn tálákà dá rúkèrúdò sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú. Ti àwọn erékùṣù Karibéánì tí ọ̀bẹ Pitt wà lórí wọn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oko ìrèké ni ó kún ibẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú ni ó sì ń ro ó. Ọdún 1807 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó fòfin de òwò ẹrú. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí àwòrán yìí jáde, àwọn ọkọ̀ ojú omi ṣì ń gbéra láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú ènìyàn nínú wọn. Púdìn kì í dùn láìsí ṣúgà. Gillray kò ya àwọn tí wọ́n ṣe ṣúgà náà, ṣùgbọ́n ègé tí ó gbé síwájú Pitt tọ́ka sí ibi tí wọ́n wà.

Ọdún náà kò parí tí àwòrán náà fi ṣẹ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ní Trafalgar, òkun sì di tiwọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, Napoleon ṣẹ́gun ní Austerlitz, ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ Yúróòpù sì di tirẹ̀. Olúkúlùkù mú ègé rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó yó. Ogun tún gbà wọ́n ní ọdún mẹ́wàá sí i. Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni ó ń fara gbá a.

Ọkùnrin tí kò jalè

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ náà ti le jù, ó sì yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Pitt kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1806, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Gbèsè ni ó kú sí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì ní láti fọwọ́ sí 40,000 pọ́n-ùn láti fi san án. Ọkùnrin tí ó ṣe olórí ìjọba fún ọdún tí ó lé ní méjìdínlógún lápapọ̀ kò fi owó ìlú kọ́lé fún ara rẹ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n tí a sábà ń lò wọ̀n ọ́, èyí tí ń bèèrè bóyá ẹni náà kówó jẹ tàbí kò kówó jẹ, ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Èéṣe, nígbà náà, tí Gillray fi gbé e jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ọ̀tá rẹ̀, tí ó sì fún un ní ègé tí ó tóbi jù? Ìdí rẹ̀ ni pé ojúkòkòrò méjì ni ó wà láyé. Ọ̀kan ń sọ pé, “Tèmi ni.” Èkejì ń sọ pé, “Tiwa ni.” Gbogbo ènìyàn mọ èkíní, òfin sì mọ orúkọ rẹ̀, àwọn àgbà ti sọ pé ọ̀kánjúà àti olè, déédé ni wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n èkejì a máa wọ aṣọ ìfẹ́ ìlú. Ẹni tí ó ní in lè máa gbé ilé kékeré, kí ó máa gbààwẹ̀, kí ó má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kí ó máa gé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ fún àwọn tirẹ̀. Kì í bà á lójú tì, torí pé ẹgbẹ́ akọrin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí a sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ kan rí owó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ méjì. Wọ́ọ̀dù méjì ni ó nílò rẹ̀. Ọ̀kan ti ní kànga kan tí ó ń ṣiṣẹ́, èkejì sì ń pọn omi odò tí màlúù ń mu. Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù tí ó ti ní kànga jẹ́ ọlọgbọ́n ènìyàn, ó mọ ẹni tí ó yẹ kí ó rí, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lọ rí i. Méjèèjì bọ́ sí wọ́ọ̀dù tirẹ̀. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Ní ọjọ́ ìṣílé kànga, wọ́n lùlù, wọ́n jó, wọ́n pè é ní ọmọ rere tí kò gbàgbé ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù kejì gbé korobá lọ sí odò.

Bí wọ́n bá bi kánsẹ́lọ̀ náà léèrè, ìdáhùn rẹ̀ ti wà létè: ìgbà tí ti wọ́ọ̀dù kejì wà níbẹ̀, ṣé ó rántí àwa? Irú ìdáhùn yìí gan-an ni Pitt ìbá fún Gillray, òun náà ni Napoleon ìbá fún un. Ọ̀bẹ ọwọ́ ẹnì kejì ni àwíjàre olúkúlùkù wọn. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí ọ̀tá méjì lè jọ jẹ nínú àwo kan láìgbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ọ̀bẹ tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 14 pàdé ní ìlú Berlin ní Jámánì láti jíròrò lórí Áfíríkà. Kò sí ọmọ Áfíríkà kankan ní ìjókòó náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1885, nígbà tí ìpàdé ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìwé ìròyìn Faransé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ L'Illustration tẹ àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan: Bismarck, olórí ìjọba Jámánì, dúró nídìí tábìlì, ó mú ọ̀bẹ dání, ó ń gé kéèkì tí a kọ orúkọ Áfíríkà sí lára. Ọ̀nà tí Gillray là sílẹ̀ ni ayàwòrán náà tọ̀. Ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1885 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Berlin. Ọgọ́rin ọdún gééré sí ọjọ́ tí púdìn Gillray jáde.

Àsọdùn ni bí ẹnikẹ́ni bá wí pé Berlin ni wọ́n ti fa gbogbo ààlà tí ó wà ní Áfíríkà lónìí. Òfin ìjẹun ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Gígé rẹ̀ tẹ̀lé e, ní méjì méjì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé, ọmọ àwọn tí ń bẹ nídìí tábìlì Gillray, fọwọ́ sí àdéhùn tí ó fa ìlà láti etí òkun lọ sí òkè gba inú ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Kétu àti Sábẹ bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ara ilẹ̀ ọba Kétu, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Kétu fúnra rẹ̀ kò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ti kó o ní ọdún 1886, ahoro ni ó sì wà nígbà tí wọ́n ń fa ìlà náà. Ọmọ ìyá méjì jí ní òwúrọ̀, ọ̀kan di ẹni tí yóò máa sọ Faransé ní ilé ẹjọ́, èkejì di ẹni tí yóò máa sọ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú gbogbo ohun tí a lè fi kọ́ ọmọdé ní ìtumọ̀ àga tí kò sí nídìí tábìlì, kò sí èyí tí ó súnmọ́ ilé ju èyí lọ.

Kéèkì orílẹ̀-èdè

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n gé wa ni àwa náà gbé sẹ́nu. Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń pe owó àti ipò ìjọba ní kéèkì orílẹ̀-èdè. Wọ́n á ní àwọn kan ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó yẹ kí ó kan àwọn náà. Bí ọmọ ìlú kan bá di mínísítà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tí yóò ṣe fún orílẹ̀-èdè. Ègé tí yóò gbé wálé ni wọ́n ń bèèrè.

Orúkọ náà kò dára, ó sì ní ohun tí ó ń ṣe fún ọkàn ènìyàn. Kéèkì jẹ́ ohun tí a ti sè tán. Ẹni tí ó bá pe owó ìlú ní kéèkì kò ní ronú nípa ìyẹ̀fun mọ́: owó orí òṣìṣẹ́, owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ibodè, epo rọ̀bì tí wọ́n fà jáde lábẹ́ oko àwọn kan tí omi wọn ti dàrú. Kéèkì a máa tán bí a bá ti ń gé e. Iṣẹ́ ìlú sì yẹ kí ó máa pọ̀ sí i. Àwọn Yorùbá ní orúkọ tí ó dára ju ìyẹn lọ. Wọ́n ń pè é ní àjọní, ohun tí a jọ ní. Ẹnikẹ́ni kì í dá gé àjọní.

Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Bíbèèrè ẹ̀tọ́ kì í ṣe ojúkòkòrò, àwọn tí ń jẹ gàba sì fẹ́ràn láti pe ẹni tí ń bèèrè ẹ̀tọ́ ní olójúkòkòrò. Àwọn ará wọ́ọ̀dù tí ń pọn omi odò kò ṣe àṣejù bí wọ́n bá kígbe. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fúnra rẹ̀ sọ nípa pínpín. Abala 14 rẹ̀ pàṣẹ pé kí a má ṣe jẹ́ kí àwọn ènìyàn láti ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ gba ìjọba kan. Abala 162 sọ bí a ó ṣe pín owó àpò àjọní: kí a wo iye ènìyàn, kí a wo ìdọ́gba àwọn ìpínlẹ̀, kí a wo ìwọ̀n ilẹ̀, kí a sì rí i pé ibi tí ọrọ̀ àdáyébá ti jáde gba ó kéré tán ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wá láti ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn kedere sí ẹni tí ó bá fẹ́ rí i. Ẹ̀tọ́ ṣeé bèèrè ní gbangba, lójú àwọn tí wọ́n jọ ni í, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ègé kánsẹ́lọ̀ yẹn kò ṣeé bèèrè ní ojú àwọn ọmọ tí wọ́n gbé korobá dání.

Bí a ṣe ń gbé àga kẹta wá

Láti ọdún 2011 ni orílẹ̀-èdè yìí ti ní òfin tí ó fún ẹnikẹ́ni láyè láti bèèrè ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí ń bèèrè kò ní láti sọ ìdí tí ó fi fẹ́ mọ̀. Ọjọ́ méje ni òfin fún iléeṣẹ́ náà láti dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ náà lè bèèrè, nípa ríran ẹlòmíràn láti bá a kọ ọ́. Iye owó kànga ẹ̀rọ, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, wọ́ọ̀dù tí a kọ sínú ìṣirò owó ọdún náà: gbogbo wọn jẹ́ ohun tí a lè fi lẹ́tà ojú ìwé kan bèèrè. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba náà ní òfin ìwà tiwọn nínú Àfikún Karùn-ún ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n sọ ohun ìní wọn, kí wọ́n má sì fi ara wọn sí ibi tí ànfààní ara wọn yóò ti máa bá iṣẹ́ wọn jà. Òfin yìí wúlò púpọ̀ fún mímú ẹni tí ń sọ pé “Tèmi ni.” Fún ẹni tí ń sọ pé “Tiwa ni,” lẹ́tà yẹn ló wúlò jù, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé láti inú wọ́ọ̀dù tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó ti pẹ́ ju òfin lọ, òun ni ẹ̀fẹ̀. Láti ọdún 1797 títí di 1801, Gillray ń gba 200 pọ́n-ùn lọ́dọọdún lọ́wọ́ ìjọba Pitt. Owó ńlá ni nígbà náà. Síbẹ̀, ní ọdún 1805, nígbà tí ogun mú kí gbogbo ènìyàn máa wí pé ẹni tí kò bá yin olórí wa kò fẹ́ràn ìlú, ó ya olórí náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tá, ó sì fún àwọn méjèèjì ní ọ̀bẹ. Àwọn ará Kétu, tí ọ̀bẹ kan náà kọjá lórí ilẹ̀ wọn, mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Àwọn ni a mọ̀ mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 2001. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, tí ó ṣáájú ijó ọ̀sán, ọ̀kọrin a fi orin tú àṣírí ẹni tí ó hùwà àìtọ́, yálà olówó ni tàbí olóyè, kò sì sí ẹni tí yóò mú un, nítorí ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ní àárín ọdún 1940 sí 1950, Akinọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀, ṣe irú iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú kálàmù nínú ìwé ìròyìn West African Pilot, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣàkóso.

Ojú Gillray bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọdún 1809 ni iṣẹ́ rẹ̀ sì dópin. Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1815, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ṣáájú ogun Waterloo tí ó lé Napoleon kúrò nídìí tábìlì.

Fún olùkọ́ àti àwọn olórí ẹgbẹ́

Kí olùkọ́ fi àwòrán náà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn náà, kí ó pín bébà fún wọn kí wọ́n tún un yà pẹ̀lú nǹkan àjọní ìlú tiwọn ní ipò púdìn: ọjà, igbó, odò, tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́. Kí wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ ẹni tí ó jókòó sí orí àga kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má kọ orúkọ ènìyàn. Kí wọ́n fi àga kan kún un, kí wọ́n sì jíròrò lórí ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ àti ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ tàbí ìgbìmọ̀ ìlú kan bá fẹ́ gbé àwòrán yìí kọ́ sí yàrá ìpàdé, kí wọ́n má ṣe gbé e sí ẹ̀yìn alága, níbi tí àlejò nìkan yóò ti máa rí i. Ògiri tí ó dojú kọ àga alága ni kí wọ́n kàn án mọ́, ní ìwọ̀n gíga ojú ẹni tí ó bá jókòó.